Bí A Ṣe Ń Tọpasẹ̀ Ọ̀rọ̀ Dé Orísun Rẹ̀: Ọ̀rọ̀ Mẹ̀kúnnù Tó Di Orúkọ Ọba

Churl tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń bú aláìmọ̀wàáhù, orúkọ Charles, Kerl tí ará Jámánì fi ń pe ọkùnrin kan ṣáá, àti król tí ará Poland fi ń pe ọba: ọmọ ìyá ni gbogbo wọn. Ìyá wọn ni ọ̀rọ̀ kan tí àwọn ẹ̀yà Germanic ayé àtijọ́ ń lò fún ọkùnrin tí kì í ṣe ẹrú, tí kì í sì í ṣe ìjòyè, mẹ̀kúnnù tó ní òmìnira tó ń dáko jẹun. Nígbà tí a bá sọ pé Germanic, kì í ṣe èdè Jámánì òde òní nìkan là ń wí. Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀, èdè Dutch wà níbẹ̀, ti Denmark, Sweden, Norway àti Iceland náà sì wà níbẹ̀.

Ìtọ́sọ́nà yìí mú ọ̀rọ̀ náà, ó sì tọ ipasẹ̀ rẹ̀ ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀, kí ẹni tó bá tẹ̀ lé e lè fi ọ̀nà kan náà wá orísun ọ̀rọ̀ mìíràn. Òfin iṣẹ́ náà kò ju ẹyọ kan lọ: ìró ló ń ṣíwájú, ìtumọ̀ ló ń tẹ̀ lé e. Bí o bá gba ìtumọ̀ gbọ́ kí o tó yẹ ìró wò, kò sí ọ̀rọ̀ méjì láyé tí o kò ní lè so pọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn kan ṣe ń to ọ̀rọ̀ Yorùbá àti ti Íjíbítì àtijọ́ tó jọra sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, tí wọ́n ń fi gbé ìtàn kalẹ̀. Ìjọra lè wà, àmọ́ ìjọra kì í ṣe ẹ̀rí.

Ohun tí o nílò

Ìwé kan tàbí fáìlì lórí kọ̀ǹpútà tí o pín sí òpó márùn-ún: ọ̀rọ̀ náà, èdè rẹ̀, ọdún tó kọ́kọ́ hàn nínú àkọsílẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ ní ọdún náà, ọ̀nà tó gbà dé inú èdè yẹn, yálà èdè náà jogún rẹ̀ ni tàbí ó yá a. Òpó karùn-ún yìí ni àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ máa ń fò, òun gan-an ló sì ń ba iṣẹ́ wọn jẹ́.

Má gbára lé ìwé atúmọ̀ èdè kan ṣoṣo. Fún Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, Bosworth-Toller wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Fún èdè Jámánì, ìwé atúmọ̀ ńlá tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Grimm bẹ̀rẹ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́ pẹ̀lú. Oxford English Dictionary ń gba owó, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ àdúgbò ní Britain, ẹni tó bá ní káàdì láíbìrì ìjọba ìbílẹ̀ lè fi nọ́ńbà káàdì náà wọlé láti orí fóònù rẹ̀. Wiktionary dára fún ìbẹ̀rẹ̀, kò dára fún ìparí: lò ó láti mọ ibi tó yẹ kí o wò, kí o wá lọ wò ó.

Ìgbésẹ̀ 1: Kó ìrísí tó dàgbà jù lọ jọ

Má bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀rọ̀ òde òní. Wá ìrísí tó wà nínú ìwé àfọwọ́kọ tó pẹ́ jù. Fún ọ̀rọ̀ tiwa, ohun tí wàá rí nìyí:

- Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́: ceorl, mẹ̀kúnnù tó ní òmìnira, tàbí ọkọ obìnrin
- Norse àtijọ́, ìyẹn èdè àwọn Viking: karl, ọkùnrin, àgbà ọkùnrin, mẹ̀kúnnù
- Èdè gúúsù Jámánì àtijọ́: karl tàbí karal, ọkùnrin, ọkọ, olólùfẹ́
- Èdè àríwá Jámánì, ní nǹkan bí ọdún 1200 sí 1500: kerle, ọkùnrin tó ní òmìnira tí kò ní oyè

Èdè mẹ́ta ló kéré jù, méjì nínú wọn kò sì gbọdọ̀ jẹ́ èdè tó ń yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ara wọn. Fi Charles àti Carlos sílẹ̀ ná. Orúkọ ènìyàn kì í bọ̀wọ̀ fún ààlà èdè. Àlejò kan tàbí àlùfáà kan ti tó láti gbé e dé ibi tí ọ̀rọ̀ lásán kò lè dé. Bí o bá kó o mọ́ àwọn yòókù ní ìbẹ̀rẹ̀, ìṣirò rẹ máa dàrú.

Ìgbésẹ̀ 2: Ya ohun tí èdè jogún sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó yá

Gẹ̀ẹ́sì òde òní ní churl, ó sì tún ní carl, tí ó túmọ̀ sí ọkùnrin tí kò lajú, tó ṣì wà lẹ́nu àwọn ará Scotland. Ọ̀rọ̀ kan náà ni méjèèjì. Kí ló dé tí ọ̀kan fi ní ch, tí èkejì ní k?

Wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mìíràn tí k wà níwájú e tàbí i ní ayé àtijọ́. Cinn di chin, ìyẹn àgbọ̀n. Cēse di cheese. Cirice di church, tí Yorùbá sọ di ṣọ́ọ̀ṣì. K tó bá ti bá e tàbí i pàdé nínú Gẹ̀ẹ́sì ti rọ̀ di ch. Nítorí náà ceorl gbọ́dọ̀ di churl, ó sì dì í. Èyí ni ọmọ tí Gẹ̀ẹ́sì bí fúnra rẹ̀.

Carl kò rọ̀. Èdè Norse kò rọ k rẹ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn Viking tó tẹ̀dó sí àríwá àti ìlà oòrùn England ló sì gbé karl wọ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ àyálò ni. Ẹ̀rí mìíràn wà nínú ìwé ìtàn ọdọọdún tí wọ́n kọ ní Peterborough, lábẹ́ ọdún 1137, níbi tí wọ́n ti kọ carlmen fún “ọkùnrin”: agbègbè tí àwọn ará Denmark ti jọba lé lórí rí ni. Húskarl náà tẹ̀ lé ọ̀nà yìí wọlé, ìyẹn ẹ̀ṣọ́ ilé ọba, lásìkò Cnut tó jọba ní England láti 1016 sí 1035. Àwọn húskarl ló yí Harold, ọba England, ká lójú ogun Hastings ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 1066.

Kí o tó gba òfin ìró kan, wá ọ̀rọ̀ mẹ́ta mìíràn tó tẹ̀ lé e. Ẹyọ kan lè jẹ́ èèṣì, méjì lè jẹ́ oríire. Mẹ́ta tí kò ní ìbátan pẹ̀lú ara wọn ni òfin. Shirt àti skirt wúlò níbí pẹ̀lú: orísun kan náà, àkọ́kọ́ jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, èkejì jẹ́ ti Norse.

Kerl tí àwọn ará Jámánì ń lò lónìí náà ní àṣírí tirẹ̀. Karl ni gúúsù jogún. Láti èdè àríwá ni Kerl ti gòkè wá, tó wá tàn ká ilẹ̀ náà. Ọba Friedrich Wilhelm Kìíní ti Prussia sọ ọ́ di olókìkí pẹ̀lú ẹgbẹ́ ọmọ ogun rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Lange Kerls, àwọn ọkùnrin gíga. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ti Prussia, bíi 1.88 mítà.

Ìgbésẹ̀ 3: Tún ìyá ọ̀rọ̀ náà kọ́

Bí o bá to karl, karal, kerle àti ceorl, wàá rí k, r àti l nínú gbogbo wọn. Fáwẹ̀lì ló yàtọ̀: a ní apá kan, e ní apá kejì. Eo tó wà nínú ceorl, e ni níbẹ̀rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ máa ń sọ e di eo níwájú r tí kọ́ńsónáǹtì mìíràn bá tẹ̀ lé, bíi heorte fún ọkàn àti eorþe fún ilẹ̀ ayé. Torí náà ìyá méjì tó jẹ́ ìbejì ni àwọn onímọ̀ kọ sílẹ̀: *karlaz àti *kerlaz. Ìràwọ̀ tó wà níwájú túmọ̀ sí pé a kò rí ọ̀rọ̀ náà nínú àkọsílẹ̀ kankan. Ìṣirò ló mú un jáde. Má ṣe yọ ìràwọ̀ náà láéláé. Ẹni tó bá yọ ọ́ ti sọ ìṣirò di ẹ̀rí.

Níbo ni -az ti wá? Ara àwọn àkọlé runic ni, ìyẹn lẹ́tà àtijọ́ tí àwọn ẹ̀yà Germanic ń gbẹ́ sára nǹkan. Ìwo wúrà kan tí wọ́n rí ní Gallehus ní Denmark ní ọdún 1734, tí ọjọ́ orí rẹ̀ tó nǹkan bí ọdún 400, ní ọ̀rọ̀ holtijaz lára, pẹ̀lú -az rẹ̀ ní pípé. (Alágbẹ̀dẹ wúrà kan jí ìwo náà ní 1802, ó sì yọ́ ọ. Àwòrán tí wọ́n ti yà ṣáájú ló gba ìmọ̀ náà là.)

Tí o bá fẹ́ lọ sẹ́yìn ju Germanic lọ, òfin tí Jacob Grimm kọ jáde ní 1822 ni kọ́kọ́rọ́ rẹ: ibi tí Latin àti Greek bá ti ní g, Germanic máa ń ní k. Genu ti Latin, orúnkún, ni knee ti Gẹ̀ẹ́sì, k tí a kò pè mọ́ yẹn sì jẹ́ ohun tí wọ́n ń pè nígbà kan. Genus, ìran, bá kin mu. Ager, oko, bá acre mu. Nítorí náà k tó wà nínú *karlaz ń wá g lọ́dọ̀ Greek, ó sì rí i nínú gérōn, àgbà ọkùnrin. Gbòǹgbò méjèèjì túmọ̀ sí kí nǹkan gbó, kí ó dàgbà. Karl tí àwọn ará Iceland ń lò lónìí ṣì lè túmọ̀ sí bàbá arúgbó, kerling tó jẹ́ obìnrin rẹ̀ sì túmọ̀ sí ìyá arúgbó. Láti àgbà ọkùnrin, ó di ọkùnrin. Láti ọkùnrin, ó di ọkùnrin tí kò ní oyè.

Ìgbésẹ̀ 4: Wá ipò ọ̀rọ̀ náà nínú ìlú, lẹ́yìn náà ohun tó sọ ọ́ di èébú

Ìwé atúmọ̀ á sọ fún ọ pé “mẹ̀kúnnù” ni ceorl, á sì dúró síbẹ̀. Ìwé òfin ló máa sọ iye tí mẹ̀kúnnù yẹn jẹ́. Ìwé òfin ni kí o kọ́kọ́ ṣí nígbà tí ọ̀rọ̀ bá jẹ mọ́ ipò ènìyàn, nítorí akọ̀wé òfin kì í fi ọ̀rọ̀ ṣeré.

Nínú òfin Ine, ọba Wessex (ìjọba kan ní gúúsù England) láti 688 sí 726, ẹ̀mí gbogbo ènìyàn ní iye tí apànìyàn gbọ́dọ̀ san fún ẹbí òkú: ṣílè 200, 600 tàbí 1200. Ceorl ni ti 200. Ti ọlọ́lá àgbà ni 1200. Ẹ̀mí mẹ̀kúnnù mẹ́fà ló wọn ti ọlọ́lá kan. Ẹrú kò sí nínú ìṣirò yìí rárá. Ọ̀gá rẹ̀ ni wọ́n ń san owó rẹ̀ fún. Nítorí náà, nígbà tí o bá kọ “mẹ̀kúnnù” sí òpó kẹrin, fi “tó ní òmìnira, ṣílè 200” kún un. Láìsí ìyẹn, òǹkàwé á rò pé ìránṣẹ́ ni.

Ceorl sì lè di ọlọ́lá. Àkọsílẹ̀ kan tó ti ọ̀dọ̀ Wulfstan wá, bíṣọ́ọ̀bù àgbà York tó kú ní 1023, sọ ohun tó gbọ́dọ̀ ní: hide ilẹ̀ márùn-ún tó jẹ́ tirẹ̀ (hide kan ni ilẹ̀ tó lè bọ́ ẹbí kan), ilé agogo, ẹnubodè ilé olódi, àti ìjókòó òun iṣẹ́ pàtó nínú gbọ̀ngàn ọba. Òfin àwọn ará àríwá le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní bí ceorl bá tilẹ̀ ní àkẹtẹ̀ irin, ẹ̀wù irin àti idà tí wọ́n fi wúrà ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, bí kò bá ti ní ilẹ̀, ceorl náà ni.

Lédè ilé, ọ̀rọ̀ náà kò ní ẹ̀gàn kankan. Nínú ìhìn rere ti Jòhánù orí 4, ẹsẹ 16, níbi tí Jésù ti ní kí obìnrin Samáríà lọ pe ọkọ rẹ̀ wá, ceorl ni ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ lò fún “ọkọ”. Ọ̀rọ̀ ìṣe kan tilẹ̀ wà, ceorlian, kí obìnrin lọ sílé ọkọ.

Lẹ́yìn 1066 ni nǹkan bàjẹ́. Àwọn Norman tó ṣẹ́gun England gba ilẹ̀, òmìnira ceorl sì ń jó rẹ̀yìn títí ó fi di ẹni tí a so mọ́ ilẹ̀ olówó. Ìtumọ̀ tẹ̀ lé e lọ sísàlẹ̀: láti ọmọ onílẹ̀ sí ìránṣẹ́ oko, láti ìránṣẹ́ oko sí aláìlẹ́kọ̀ọ́, láti ibẹ̀ dé ahun. Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti 1611 pe Nábálì ní churlish nínú 1 Sámúẹ́lì 25:3, ó sì lo churl nínú Aísáyà 32:5 fún ahun tí ẹnìkan kò gbọdọ̀ pè ní ọlọ́láwọ́ mọ́. Ẹ̀rí ni pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ yìí nìkan ló kàn: villain, ọ̀daràn, ará oko ni níbẹ̀rẹ̀, boor, aláìmọ̀wàáhù, àgbẹ̀ ni. Àwọn tó ń kọ ìwé kì í ṣe àgbẹ̀, a sì rí i nínú ìwé atúmọ̀.

Àmọ́ má sọ ìyẹn di òfin. Ìtumọ̀ kò ní òfin tó dúró ṣinṣin bíi ti ìró. Knave àti knight, “ọmọkùnrin” ni méjèèjì níbẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan di oníjìbìtì, èkejì gun ẹṣin pẹ̀lú oyè. Kerl ti Jámánì àti kerel ti Dutch kò sì di èébú bíi ti churl. A lè fi wọ́n yin ènìyàn.

Ìgbésẹ̀ 5: Wàyí o, mú orúkọ ènìyàn wọlé

Àwọn Frank, ẹ̀yà Germanic tó gba ilẹ̀ tó di Faransé àti apá ńlá Jámánì, sọ karl di orúkọ ọmọ. Charles Martel tó kú ní 741 ń jẹ́ ẹ, ọmọ ọmọ rẹ̀ tí a mọ̀ sí Charlemagne náà ń jẹ́ ẹ: ọba láti 768, ọba ńlá tí póòpù dé ládé ní Róòmù ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 800, tó kú ní ọjọ́ 28 oṣù kìíní ọdún 814. Àwọn akọ̀wé rẹ̀ kọ orúkọ náà lédè Latin báyìí: Karolus.

Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Wọ́n rí ch nínú churl, wọ́n rí ch nínú Charles, wọ́n sì sọ pé ọ̀nà kan náà ni. Rárá. Ch ti churl wá láti inú Gẹ̀ẹ́sì, nítorí e tó tẹ̀ lé k. Ch ti Charles wá láti Faransé, níbi tí k tó wà níwájú a ti rọ̀: cattus ti Latin di chat (ológbò), campus di champ (pápá), cantare di chanter (kọrin), Carolus di Charles. A ni Faransé ń wò, e àti i ni Gẹ̀ẹ́sì ń wò. S tó wà níparí Charles jẹ́ àmì olùwà nínú Faransé àtijọ́, ó kàn rọ̀ mọ́ orúkọ náà ni. Àwọn Norman ló gbé e kọjá sí England.

Àwọn tí kò gba Faransé kọjá kò ní ch. Carlos ti Spain àti Portugal, Carlo ti Ítálì, Karel ti Czech, Karol ti Poland (orúkọ àbísọ Póòpù John Paul Kejì), Károly ti Hungary, Carol ti Romania. Ti obìnrin ni Carolina, Carla, Caroline. Charlotte gba Faransé kọjá, ch rẹ̀ ló fi í hàn. Ẹni tó ń jẹ́ Charles ní Ìbàdàn àti ẹni tó ń jẹ́ Carlos ní Bahia ń jẹ́ orúkọ kan náà. Ẹni tó gbé e wá ló yàtọ̀.

Ní Cuba, ní oṣù kọkànlá ọdún 1843, obìnrin kan tó ń jẹ́ Carlota wà lára àwọn tó ṣáájú ọ̀tẹ̀ àwọn ẹrú ní oko ìrèké Triunvirato ní Matanzas. Lucumí ni wọ́n pè é, orúkọ tí wọ́n fi ń pe àwọn ọmọ Yorùbá níbẹ̀. Nígbà tí ìjọba Cuba kó ọmọ ogun lọ sí Angola ní 1975, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ iṣẹ́ ogun náà. Ọ̀rọ̀ tí òfin Wessex fi ya ọmọ òmìnira sọ́tọ̀ lára ẹrú ló wà nínú orúkọ obìnrin tó jà fún òmìnira.

Ìgbésẹ̀ 6: Bí orúkọ ẹnìkan ṣe di oyè

Charlemagne bá àwọn ẹ̀yà Slav tó wà ní ìlà oòrùn rẹ̀ jagun, ó sì gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ àwọn kan nínú wọn. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n wá fi ń pe ọba èyíkéyìí. Bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ sí Caesar náà nìyẹn, tó di Kaiser ní Jámánì àti tsar ní Rọ́ṣíà. Ìtàn náà dùn. Ṣùgbọ́n má gbà á nítorí pé ó dùn; yẹ ìró rẹ̀ wò.

Àwọn èdè Slav ní òfin kan: nígbà tí or bá wà láàárín kọ́ńsónáǹtì méjì ní ayé àtijọ́, Rọ́ṣíà sọ ọ́ di oro, Poland di ro, Czech àti àwọn Slav ti gúúsù di ra. To àwọn ọ̀rọ̀ ìbílẹ̀ wọn sílẹ̀, kí o wá fi “ọba” sí ìsàlẹ̀:

- màlúù: korova (Rọ́ṣíà), krowa (Poland), kráva (Czech), krava (Serbia)
- ìlú tàbí odi: gorod, gród, hrad, grad
- òtútù tó ń dì: moroz, mróz, mráz, mraz
- ọba: korol, król, král, kralj

Ó bá ara mu láìkù síbì kan (o inú król ti Poland di ó lábẹ́ òfin mìíràn tó kan gród àti mróz pẹ̀lú). Karl wọlé kí òfin yìí tó parí iṣẹ́, ó sì bá àwọn ọ̀rọ̀ ìbílẹ̀ yí padà. Àwọn onímọ̀ tilẹ̀ ń yí ẹ̀rí yìí po: wọ́n mọ ọdún tí Charlemagne jọba, wọ́n sì ń fi mọ̀ pé òfin ìró náà ṣì ń ṣiṣẹ́ ní nǹkan bí ọdún 800. Ọ̀rọ̀ àyálò tó ní ọdún lára ṣọ̀wọ́n, má fi ṣòfò bí o bá rí ọ̀kan.

Láti ọ̀dọ̀ àwọn Slav ni àwọn aládùúgbò ti yá a. Lithuania ní karalius, Latvia ní karalis, Turkey ní kral. Hungary ní király; èdè Hungary àtijọ́ kò fẹ́ kí kọ́ńsónáǹtì méjì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, wọ́n bá ki i bọ àárín, bí Yorùbá ṣe ki ú bọ bread tó fi di búrẹ́dì.

Nígbà tí o bá rí èdè kan tó ní ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì, dúró síbẹ̀, ibi ọlọ́rọ̀ ni. Czech ń sọ pé král Karel, ìyẹn Ọba Charles: karl ni méjèèjì. Král ti lọ́ pọ̀ mọ́ òfin ìró. Karel kò lọ́, ar rẹ̀ ṣì wà ní ipò rẹ̀, tó fi hàn pé ẹ̀yìn ló dé. Karel tó lókìkí jù níbẹ̀ ni Karel Kẹrin (1316 sí 1378), tó dá yunifásítì Prague sílẹ̀ ní 1348. Václav ni wọ́n sọ ọ́ nígbà ìrìbọmi. Ààfin Faransé ló ti gba Charles. Hungary náà ń sọ pé Károly király.

Ehoro wà nínú ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú. Latin pè é ní cuniculus, èyí tí àwọn ará Jámánì sọ di küniklin. Ẹni tó gbọ́ ọ ní Poland àti Czech rò pé “ọba kékeré” ni, nítorí künic ni ọba lédè Jámánì ìgbà náà, wọ́n bá túmọ̀ rẹ̀ ní ṣangiliti: królik, králík. Rọ́ṣíà ń pe ehoro ní krolik. Lo òfin òkè yìí: bí Rọ́ṣíà bá dá a ṣe fúnra rẹ̀, korolik ni ì bá jẹ́. Ro láìsí oro túmọ̀ sí pé Poland ni wọ́n ti yá a. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló sọ ọ̀nà tí ehoro gbà kọjá ààlà.

Ìgbésẹ̀ 7: Orúkọ ìlú, àti àwọn ayédèrú

Orúkọ ìlú wúlò nítorí kì í tètè yí padà. Charlton, tó pọ̀ káàkiri England, tí ọ̀kan nínú wọn wà ní gúúsù ìlà oòrùn London, ni ceorla tūn, abà àwọn ceorl. Ní ibi tí àwọn ará Denmark tẹ̀dó sí, Carlton ni wọ́n ń pè é. Fi àwọn Carlton sórí máàpù, ààlà àtijọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í hàn. Yàtọ̀ sí èyí ni ìlú tí wọ́n fi orúkọ Charles kan pàtó sọ: Charleston ní South Carolina, tí wọ́n tẹ̀dó ní 1670, ti Charles Kejì ni, Karlsruhe ní Jámánì, 1715, ti Karl Wilhelm ni. S tó wà láàárín ni kí o kọ́kọ́ wò, òun ló máa ń fi ẹnìkan hàn yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn. Kò tó láti dá ẹjọ́, àmọ́ ó tó láti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí.

Àwọn wọ̀nyí jọ ọ́, wọn kì í ṣe ọmọ ilé:

Carlisle: caer ni apá àkọ́kọ́ rẹ̀, odi, lédè àwọn tó ti wà ní Britain kí Gẹ̀ẹ́sì tó dé. Chorlton-cum-Hardy ní Manchester: abà Ceolfrith ni, ẹnìkan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ti ceorl. Carol, orin Kérésìmesì: láti ara ijó àti ègbè ló ti wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Carol tí í ṣe orúkọ jẹ́ ti ilé. Earl àti jarl: ìjòyè ni, ọ̀rọ̀ mìíràn pátápátá, kò sì ní k rí, ewì Norse kan tilẹ̀ to Þræll, Karl àti Jarl gẹ́gẹ́ bí baba ńlá ẹrú, mẹ̀kúnnù àti ìjòyè. Korona ti Rọ́ṣíà, adé: láti corona ti Latin ni, kò bá korol tan bí wọ́n tilẹ̀ ń jókòó pọ̀ láàfin.

Kaliningrad ló máa ń tan ènìyàn jù. Königsberg ni orúkọ rẹ̀ látijọ́, Òkè Ọba, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1255. Poland ń pè é ní Królewiec, Lithuania ń pè é ní Karaliaučius, méjèèjì ní karl nínú. Ṣùgbọ́n Kalinin jẹ́ orúkọ òṣèlú Soviet kan; wọ́n fi sọ ìlú náà ní 1946. Ìlú kan náà, orúkọ tuntun náà kò bá ti àtijọ́ tan.

Ìgbésẹ̀ 8: Ya igi ìran náà

Lo ìlà gbọọrọ fún ohun tí èdè jogún, ìlà onítótó fún ohun tó yá. Kọ ọdún sí ara gbogbo ìlà onítótó. Láti *kerlaz, ìlà gbọọrọ lọ sí ceorl, ó sì já sí churl. Láti *karlaz, ìlà gbọọrọ lọ sí karl ti Norse, onítótó já sí carl ti Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkejìlá. Láti karl àwọn Frank, onítótó kan lọ sí Latin, tó bí gbogbo Charles àti Carlos. Onítótó kejì lọ sí Slav, nǹkan bí ọdún 800, gbọọrọ ló sì gbà láti ibẹ̀ dé korol, król, král àti kralj. Király, karalius àti kral gba onítótó tiwọn láti ọ̀dọ̀ Slav, kì í ṣe tààrà láti ọ̀dọ̀ àwọn Frank. Karel àti Károly kò gbọdọ̀ wà ní ẹ̀ka kan pẹ̀lú král àti király; ọ̀dọ̀ Latin ni ìlà wọn ti ń bọ̀.

Tí ìlà kan bá wà tí o kò rí òfin ìró fún, má yà á. Kọ ọ̀rọ̀ náà sí ẹ̀gbẹ́ ìwé, kí o fi ìràwọ̀ méjì sí i, kí o sì padà sí Ìgbésẹ̀ 2 pẹ̀lú ọ̀rọ̀ mẹ́ta mìíràn láti inú èdè yẹn.